Lẹ́tà ṣíṣí sí Họ́nọ́rébù tó fẹ́ ti bọ́dà pa fún wa

Họ́nọ́rébù,

Ẹ kú wàhálà ìbò. Ẹ ò lè rántí mi láàárín èrò ọjọ́ ìpolongo ìbò yín ní Èbúté Mẹ́ta níbí. Èmi ni màmá tó jókòó sábẹ́ agboòrùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń din àkàrà, tí ẹ kí pé "Màmá, ẹ kú ìjókòó," tí mo sì dá yín lóhùn pé kí Olúwa ràn yín lọ́wọ́. Tọkàntọkàn ni mo fi ṣàdúrà náà. Mo gba fìlà àti omi tí àwọn ọmọ yín ń pín, mo sì jókòó títí ẹ fi sọ̀rọ̀ tán. Láti alẹ́ ọjọ́ yẹn, n kò sùn bó ṣe yẹ mọ́.

Nígbà tí ẹ gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, mo ṣe bí ẹ ó sọ̀rọ̀ nípa gọ́tà tó ń ya wọ yàrá wa ní gbogbo òjò, tàbí nípa owó ilé tí àwọn lańdíọ́ọ̀dù ń gbà ní ọdún méjì méjì. Ẹ ò dé ibẹ̀. Ẹ ní àjèjì ti kún Èkó. Ẹ ní àwọn ará Tógò, ará Kùtọnu àti ará Niger ló gba iṣẹ́ mọ́ àwọn ọmọ wa lọ́wọ́, àwọn náà ló sì ń kó ìbọn wọlé. Ẹ ní bí a bá dìbò fún yín ní 2027, ẹ ó ti bọ́dà Sẹ̀mẹ̀ pa, ẹ ó sì fọ àdúgbò yìí mọ́ tónítóní. Àwọn ọ̀dọ́ hó yèè. Onílù kì yín. Èmi ò lè pàtẹ́wọ́, nítorí mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́ẹ̀mejì rí láyé mi, ìgbà àkọ́kọ́ sì rèé, èmi gan-an ni wọ́n ń fi lé.

Tamale, ní apá òkè Gánà, ni wọ́n bí mi sí ní 1961. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá àti ìyá mi, bí ọ̀pọ̀ Yorùbá tó ń tajà níbẹ̀ nígbà náà. Ìyá mi ní ìsọ̀ kékeré kan tó ti ń ta òwú, abẹ́rẹ́, dígí àti aṣọ. Àwìn ló ń tà jù, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ọjà fi ń yá. Kò mọ̀wé. Èédú ló fi ń fa ilà gbèsè sára ògiri yàrá wa: ilà gbọọrọ fún ẹni tó jẹ púpọ̀, ilà kúkúrú fún ẹni tó jẹ díẹ̀, ó sì mọ ẹni tó ni ìkọ̀ọ̀kan.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Kofi Busia, olórí ìjọba Gánà nígbà náà, pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú lọ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó kúrò ní Gánà. Ìdìbò tó gbé wọn wọlé kò tíì pé oṣù mẹ́ta. Wọ́n ní àwa la gba ọjà, àwa la gba iṣẹ́, àwa la mú olè wọ̀lú. Ẹni tó ti gbé ibẹ̀ fún ogójì ọdún, tó bímọ síbẹ̀, tó sin òbí rẹ̀ síbẹ̀, di àjèjì láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn òbí wa ò mọ̀ rárá pé ìwé kan wà tó yẹ káwọn gbà, nítorí nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, abẹ́ Gẹ̀ẹ́sì kan náà ni Gánà àti Nàìjíríà wà.

Ní alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí a gbéra, mo jí, mo rí ìyá mi níwájú ògiri. Àtùpà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń fi ìka kan àwọn ilà èédú náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń pe orúkọ àwọn tó jẹ ẹ́ lówó, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ bí ti ẹni tó ń ka orúkọ òkú. Kò rí pésẹ́wà kan gbà nínú rẹ̀. Ìyá ọmọ ẹ̀yà Dàgọ́ḿbà tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa ló se oúnjẹ tí a jẹ nínú lọ́rì títí a fi la Tógò kọjá. Ó ń sunkún bó ṣe ń dì í fún wa. Mo fẹ́ kí ẹ ro ìyẹn dáadáa, Họ́nọ́rébù: kì í ṣe aládùúgbò wa ló lé wa.

Nígbà tí a dé Ògbómọ̀ṣọ́, "Ọmọ Gánà" ni orúkọ tí àwọn ọmọ kíláàsì fún mi. Ní Gánà sì rèé, ará Èkó ni wọ́n ń pe gbogbo wa, àwa tí a kò tíì fojú kan Èkó rí.

Èkó tí a kò fojú kàn rí yìí ni mo wá ṣe iṣẹ́ olùkọ́ sí. Ní oṣù Kìíní 1983, mo ti ń gbé Èbúté Mẹ́ta, yàrá kan nínú ilé onípáséèjì. Télọ̀ ará Gánà kan àti ìyàwó rẹ̀ wà ní yàrá tó kọjú sí tèmi. Ìyàwó náà ń se kẹ́ńkẹ́ tà, òórùn àgbàdo kíkan rẹ̀ ló ń jí gbogbo páséèjì láàárọ̀. Mo ti gbé aṣọ fún ọkọ rẹ̀ kó fi rán gáùn kan fún mi, èyí tí n ó máa wọ̀ lọ sí iṣẹ́.

Lọ́jọ́ 17 oṣù náà, Mínísítà fún ọ̀rọ̀ abẹ́lé, Alhaji Ali Baba, kéde pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé fi Nàìjíríà sílẹ̀ kí oṣù tó parí. Ọ̀sẹ̀ méjì náà ni. Owó epo rọ̀bì ti já wálẹ̀, iṣẹ́ ti ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn, ìdìbò ààrẹ sì ń bọ̀ ní oṣù Kẹjọ. Ẹ wo bí ó ṣe jọ àsìkò tí a wà yìí.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ kejì, télọ̀ náà kan ilẹ̀kùn mi. Ó gbé gáùn mi dání. Apá kan ti wà lára rẹ̀, ó fi pínnì há apá kejì mọ́ ọn. Ó ní kí n má bínú, àyè ò sí mọ́. Mo na owó sí i, ó kọ̀, ó ní ẹni tí kò parí iṣẹ́ kì í gbowó. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo rí ìyàwó rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, tó ń ti aṣọ ọmọ bọ inú àpò aláàlà pupa àti búlúù, àpò tí gbogbo wa wá ń pè ní Gánà-mọ́sì-gò lẹ́yìn ìgbà náà. N kì í fẹnu mi pe orúkọ yẹn, àfi bí mo ṣe kọ ọ́ fún yín lónìí. Obìnrin yẹn gbójú sókè wò mí, ìyá mi ni mo rí, tòun ti àtùpà.

Nígbà tí wọ́n dé Sẹ̀mẹ̀, ọ̀nà ti dí. Rawlings, olórí Gánà nígbà náà, ti ti bọ́dà Gánà pa láti 1982, Tógò àti Benin ò sì fẹ́ kí èrò há sọ́dọ̀ àwọn, ni àwọn náà bá tilẹ̀kùn. Ọ̀pọ̀ èèyàn sùn sí ẹ̀bá ọ̀nà tọmọtọmọ, tẹrùtẹrù, títí Gánà fi ṣí bọ́dà rẹ̀ ní ìparí oṣù. Àwọn kan kú sọ́nà. Iye tí wọ́n sábà máa ń sọ ni pé àwọn tí a lé tó mílíọ̀nù méjì, àti pé ará Gánà tó mílíọ̀nù kan nínú wọn. Télọ̀ mi wà nínú iye yẹn. N kò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Kí wá ni a rí gbà? Mo wà níbẹ̀, mo lè sọ ọ́. Iṣẹ́ tí wọ́n fi sílẹ̀ kò sọ ẹnikẹ́ni di olówó ní páséèjì wa. Shagari wọlé ìbò ní oṣù Kẹjọ. Nígbà tó di ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, àwọn sójà ti gbàjọba. Àwọn náà ti bọ́dà pa ní 1984, wọ́n sì tún lé àjèjì ní 1985. Ní gbogbo ìgbà yẹn, à ń tò lórí ìlà nítorí ìrẹsì àti ọṣẹ. Télọ̀ mìíràn ló bá mi parí gáùn ọ̀hún, apá méjèèjì ò dọ́gba.

Bí ẹ bá ní ti ayé àtijọ́ nìyẹn, tìjọ́sí wà níbẹ̀. Oṣù Kẹjọ 2019 ni ìjọba àpapọ̀ ti àwọn bọ́dà orí ilẹ̀ pa, ó sì di ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá 2020 kí wọ́n tó ní kí wọ́n ṣí Sẹ̀mẹ̀ àti mẹ́ta mìíràn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn onírẹsì ní Òyìngbò bí àpò kan ṣe fò sókè nígbà náà. Ìrẹsì ṣì ń wọlé, inú igbó ló ń gbà, orí ọ̀kadà. Owó tí wọ́n ń san fún àwọn tó dúró lọ́nà ni àwa náà wá ń san nídìí àpò.

Ipò tí ẹ ń dù gan-an, ti Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Èkó ni. Òfin ilẹ̀ wa ti 1999 fi ọ̀rọ̀ wíwọlé àti jíjáde àjèjì sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan. Kọ́kọ́rọ́ Sẹ̀mẹ̀ kò sí ní Alausa. Ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, agbẹjọ́rò ni wọ́n kọ sábẹ́ àwòrán yín lára ògiri. Ó dùn mí pé ẹ ṣèlérí ohun tí kò sí lọ́wọ́ yín fún àwọn ọmọ tí kò mọ̀, nígbà tí ohun tó wà lọ́wọ́ yín pọ̀ rẹpẹtẹ. Ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún 2022, ilé wó ní Ibadan Street, ní Èbúté Mẹ́ta wa níbí, ó pa èèyàn. Ní 2019, èyí tí àwọn ọmọdé ti ń kàwé ní Ìta Fáàjì wó lé wọn lórí. Ìpínlẹ̀ ló ni àyẹ̀wò ilé. Ìpínlẹ̀ ló ni òfin tó de owó ilé. Ẹ lo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lórí pèpéle, ẹ ò mẹ́nu ba ọ̀kankan.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tó mú mi gbé bírò gan-an.

Lọ́jọ́ kẹta lẹ́yìn ìpàdé yín, àwọn ọmọkùnrin mẹ́fà kan tó dé fìlà tí ẹ pín wọ àgbàlá kejì sí tiwa, níbi tí àwọn ọmọ tó ń lẹ táìlì ń gbé. Ilẹ̀ ti ṣú. Wọ́n gbá ilẹ̀kùn, wọ́n ní kí wọ́n mú ìwé jáde, wọ́n ní Họ́nọ́rébù ló ní kí àwọn yẹ̀ wọ́n wò. Nígbà tí ẹ̀rù ba ọ̀kan nínú wọn, Ègùn ló bọ́ sí i lẹ́nu. Ìyẹn tó fún wọn. Wọ́n nà án, wọ́n fọ́ ojú fóònù rẹ̀, wọ́n kó owó iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ rẹ̀ lọ, wọ́n ní kó máa lọ sí Kùtọnu. Mo gbọ́ igbe rẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì mi.

Ọmọ Àjárá ni, Họ́nọ́rébù. Àjárá ní Àgbádárìgì. Ọmọ Ìpínlẹ̀ Èkó pọ́ńbélé ni, ó ní Èkó ju èmi tí wọ́n bí ní Tamale lọ. Nígbà tí mo bá a ṣa ẹrù rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, káàdì ìdìbò rẹ̀ wà nílẹ̀ láàárín aṣọ tí wọ́n dà síta.

Ní 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jókòó pín ilẹ̀ yìí láàárín ara wọn. Ègùn wà níhìn-ín, Ègùn wà lọ́hùn-ún. Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ tó jẹ́ ti Kétu bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ dé Sákétẹ́, ẹ dé Pọ́bẹ̀, Yorùbá ni wọ́n máa fi kí yín. Bí a bá ní kí ọmọ tó ti mu nǹkan yó máa fi ohùn ẹnu dá àjèjì mọ̀ lóru, ará ilé wa ni yóò nà.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í sì í dúró síbi tí èèyàn bá gbé e kalẹ̀ sí. Ní 2013, wọ́n kó àwọn ọmọ Nàìjíríà kan láti Èkó níbí lọ dà sí Onitsha, débi tí Gómìnà Fashola fi tọrọ àforíjì lẹ́yìn rẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ 2019, wọ́n dá ọkọ̀ akẹ́rù kan dúró tó kó ọkùnrin 123 àti ọ̀kadà 48 láti Jigawa. Ariwo sọ káàkiri pé ogun ti wọ̀lú, nígbà tí ẹsẹ̀ kan wà nínú òfin ilẹ̀ wa ti 1999 kan náà, ìkọkànlélógójì, tó ní kí ọmọ Nàìjíríà máa gbé ibi tó bá wù ú. Ní ìdìbò gómìnà ọjọ́ 18 oṣù Kẹta 2023, ojú ẹlòmíràn ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó jẹ́ kó dé ibi àpótí. Ẹ̀yin bẹ̀rẹ̀ láti orí ará Tógò. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ó ti dé orí ọmọ Àgbádárìgì.

Ẹ má rò pé n kò mọ ẹ̀rù. Mo mọ̀ ọ́n. Ọmọ ìyá ìjọ wa kan ni wọ́n jí gbé ní ọ̀nà, ìjọ ló dá owó tí wọ́n fi gbà á. Ìbọn ń wọlé lóòótọ́. Nítorí náà ni mo fi fẹ́ sọ ohun tí mo fojú mi rí ní ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ fún yín, nígbà tí mo ń lọ síbi ìsìnkú kan ní Àjàṣẹ́, Porto-Novo ní Benin, lọ́dún tó kọjá.

Láti Mile 2, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìdènà. Ibòmíràn okùn ni, ibòmíràn igi tí wọ́n kan ìṣó mọ́, ibòmíràn ọkùnrin kan péré pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Mo ka mẹ́tàdínlógún kó tó sú mi. Oríṣiríṣi aṣọ ìjọba ni wọ́n wọ̀. Dẹ́rẹ́bà wa ti ká owó wẹ́wẹ́wẹ́ sínú ife ike kan níwájú rẹ̀, bó ṣe ń dé ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń na ọwọ́ jáde, kò tilẹ̀ pa ẹ́ńjìnnì. Èmi tí mo ní ìwé ìrìnnà sanwó. Ìyá aláṣọ tó jókòó tì mí, tí kò ní, sanwó tó ju tèmi lọ díẹ̀. Àdéhùn ECOWAS, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ti 1979 ní kí ọmọ ìlú kan wọ ìlú kejì, kó lo àádọ́rùn-ún ọjọ́ láìgba físà. Èkó yìí ni wọ́n sì ti dá ECOWAS sílẹ̀ ní 1975. Mo sọ fún ọkùnrin kan ní ìdènà kẹrin. Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀nà ń dí."

Àmọ́ kì í ṣe owó ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́. Nínú gbogbo ìdènà wọ̀nyẹn, kò sí ẹnì kan tó ní kí dẹ́rẹ́bà ṣí búùtù. Àwọn àpò tó wà nínú rẹ̀, n kò mọ ẹni tó ni wọ́n. Bí ìbọn bá wà níbẹ̀, owó inú ife náà ni ìbá gbé e dé Èbúté Mẹ́ta. Ẹni tó ń lẹ táìlì kò lè san ohun tí oníbọn lè san. Bí a bá ti bọ́dà pa lọ́la, ohun tó máa yí padà ni pé dẹ́rẹ́bà máa nílò ife tó tóbi. Ẹ bá wa bá àwọn tó wà ní Abuja jà lórí ìyẹn. Ẹgbẹ́ kan náà ni yín, wọ́n á gbọ́ tiyín: kí àwọn ìdènà náà dín kù, kí èyí tó bá kù máa tú ẹrù, kí owó oṣù àwọn tó dúró nínú òjò níbẹ̀ tó wọn jẹun.

Mo mọ̀ pé ẹ̀yin kọ́ lẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, gbogbo ayé ló ti di bẹ́ẹ̀ bí ìbò bá ti sún mọ́lé. Ní oṣù Kìíní 2020, ọdún ìdìbò wọn, Amẹ́ríkà kọ orúkọ Nàìjíríà mọ́ àwọn tí wọn ò ní fún ní físà ìgbé mọ́. A sunkún nínú ilé wa, títí ìjọba tó tẹ̀ lé e fi fagi lé e ní 2021. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ọdún méjì pariwo pé àwọn yóò kó àwọn tó ń fi ọkọ̀ ojú omi wọlé lọ sí Rwanda. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù pọ́n-ùn ni wọ́n ná sí i, èèyàn mẹ́rin péré ló lọ, ìfẹ́ inú wọn sì ni. Ní oṣù Keje 2025, àwọn kan wọ́de ní Accra pé kí ọmọ Nàìjíríà máa lọ. Gbogbo wa la bínú sí wọn. Àwọn ọmọ tó ń pariwo fún yín níbi ìpàdé yẹn bínú sí wọn pẹ̀lú, mo gbọ́ wọn nídìí ìwòran bọ́ọ̀lù. Ọ̀rọ̀ tí a fi bínú sí ará Accra ni ẹ mú wá sí Èbúté Mẹ́ta, tí a sì ń pàtẹ́wọ́ sí.

Ó ṣeé ṣe kí ẹ wọlé. Àwọn ọmọ fẹ́ràn yín, ohùn yín dùn, ẹ sì kí àgbà. Mo tilẹ̀ lè dìbò fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ padà sórí pèpéle kan náà, pẹ̀lú gbohùngbohùn kan náà, kí ẹ sọ fún àwọn tó dé fìlà yín pé ẹ ò rán wọn níṣẹ́ láti lọ kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni. Kí ẹ sọ ọ́ sókè, kí onílù dákẹ́. Kí ẹ sì dá owó ọ̀sẹ̀ ọmọ yẹn padà fún un, nítorí orúkọ yín ni wọ́n fi gbà á.

Àgbàlá náà kò jìnnà sí ibi tí ẹ ti sọ̀rọ̀. Ọjọ́ Àìkú ni kí ẹ wá, ní ìrọ̀lẹ́, wọn kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ẹ má kó èrò wá. Ẹ yà sọ́dọ̀ mi kọ́kọ́, kí n bá yín lọ, kí n sì jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohùn mi lẹ́nu ọ̀nà, nítorí wọn kì í ṣílẹ̀kùn fún àlejò mọ́ bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú.

Èmi ni tiyín,
Ìyá olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, Èbúté Mẹ́ta